Ẹ Yé Sọ Pé "Òyìnbó Ni Wọ́n"

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó, mò ń dúró kó kàn mí, mo wá fa fóònù yọ, mo ń fi àwòrán ìrìn-àjò wa han onígbàjámọ̀ mi. Odò ńlá kan wà nínú àwòrán náà, koríko tútù wà létí rẹ̀, àwọn ọmọdé ń sáré kiri, ìyá mi sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí Ìyálóde. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi na ọrùn wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Hẹ̀n, òyìnbó ni wọ́n." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù mi orí bí ẹni ń ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n padà sídìí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń wò.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, inú bí mi. Kì í ṣe ọkùnrin náà ni mò ń bá jà, nítorí èmi gan-an ti sọ ọ́ rí, kò sì lóǹkà. Gbólóhùn yẹn ni mò ń bá jà. A ti sọ ọ́ di oògùn oorun. Gọ́tà dí, òyìnbó ni wọ́n. Wọ́n gé igi tó ń ṣíji bo ojú ọ̀nà, òyìnbó ni wọ́n. Ọmọ kò ríbi ṣeré àyàfi ojú títì, òyìnbó ni wọ́n. Bí ẹni pé nígbà tí Ọlọ́run ń dá àwọ̀ funfun, Ó fi ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́!

Ìlú tí a lọ ni Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, lápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ẹ má rò pé mo lówó o. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn kì í sọ ènìyàn di olówó, ẹ bi àwọn ẹgbẹ́ mi. Àbúrò mi obìnrin ló ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Òun ló ra tíkẹ́ẹ̀tì Màmá; èmi ta pulọ́ọ̀tì kan tí mo ti ń wò láti ọdún mẹ́jọ, mo fi kún àjọ tí ìyàwó mi kó, a sì di márùn-ún tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ní oṣù Keje ọdún 2024: èmi, ìyàwó mi, ọmọbìnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti Màmá, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tí gbogbo àdúgbò wa ń pè ní Àlàájà.

Ìyàwó mi ti kọ orúkọ ọjà tí yóò rà sínú ìwé, ojú ìwé méjì gbáko. Àbúrò mi wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣọ́ọ̀bù wà ní Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ síbi tí kò sí ní Ìbàdàn." Ó yíjú sí Màmá, ó ní, "Àlàájà, ẹ múra, a ń lọ sí páàkì."

Màmá wò mí. Ó ní, "Ṣé ìrìn-àjò míì tún kù ni? Níbo tún ni ọkọ̀ fẹ́ gbé wa lọ?"

Ẹ má bá a wí. Níbi tí a ti wá, páàkì ni ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń kó èrò, tí agbèrò ti ń pariwo, tí àwọn kan ti ń já owó gbà lọ́wọ́ dírẹ́bà. Ibi tí koríko wà, tí ènìyàn kàn lọ jókòó sí láìṣe nǹkankan, ìwé ní "ọgbà ìgbafẹ́", ṣùgbọ́n ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu? Ohun tí a kò ní, ahọ́n kì í mọ orúkọ rẹ̀ pè.

Etí odò Willamette ni ó kó wa lọ. Odò yìí la ìlú Portland sí méjì, ìlà-oòrùn lọ́tùn-ún, ìwọ̀-oòrùn lósì, afárá lóríṣiríṣi sì so ó pọ̀, àfi bí ẹ̀gbà ọwọ́ ìyàwó. Ọ̀kan nínú àwọn afárá náà tí wọ́n ṣí ní 2015, Tilikum Crossing, mọ́tò àdáni kò gbọdọ̀ gun orí rẹ̀: rélùwéè, bọ́ọ̀sì, kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ni ín. Mo ka ìkìlọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé mi. Wọ́n kọ́ afárá ńlá, wọ́n ní kí ọlọ́kọ̀ bọ́gínní lọ wá ọ̀nà míì gbà! Ní tiwa, ẹlẹ́sẹ̀ ni wọn ì bá sọ fún bẹ́ẹ̀.

Létí odò, koríko tẹ́ lọ bí ẹní, ó gùn tó máìlì kan àbọ̀. Àwọn kan ń sáré, àwọn kan ń gun kẹ̀kẹ́, tọkọtaya arúgbó ń fà ajá lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sùn gbalaja, ó fi ìwé bojú. Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Mo mọ ohun tó ń wá. Ọlọ́dẹ ló ń wá.

"Èló ni wọ́n gbà lẹ́nu ọ̀nà?"

Àbúrò mi ní, "Àlàájà, kò sẹ́nu ọ̀nà. Wọn kì í gbowó."

"Ta ló wá ni ibẹ̀?"

"Gbogbo ìlú ni."

Màmá dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ìlú, ṣé kì í dọ̀tí ni?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo gbé lé àyà mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a lò níbẹ̀. Mo ṣe bí akọ̀ròyìn ti í ṣe: mo bi àgbà, mo lọ sí ilé ìkàwé wọn, mo ka ohun tó wà nílẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ sì nìyí, kí ẹni tó ń sọ pé òyìnbó ni wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó dọ̀tí. Ó dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja kò rí èémí mí nínú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná. Títí di ọdún 1952, ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú Portland ń lọ tààrà sínú odò, láìsí ẹ̀rọ kankan tó ń yọ ìdọ̀tí kúrò. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe bébà lókè odò ń da omi kẹ́míkà sí i. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀. Àwọn ará ìpínlẹ̀ náà ti dìbò ní 1938 pé kí ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò bójú tó ìmọ́tótó odò, ṣùgbọ́n àwọn oníléeṣẹ́ lówó lọ́wọ́, àwọn aláṣẹ ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la. Àwọn òyìnbó náà nìyẹn o, funfun báláú, wọ́n ń ṣu sínú omi.

Ta ló wá yí i padà? Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀ nítorí iṣẹ́ mi. Akọ̀ròyìn ni. Tom McCall ni orúkọ rẹ̀. Ní 1962, ó ṣe fíìmù kan fún tẹlifíṣàn, ó gbé kámẹ́rà lọ síbi tí ìdọ̀tí ti ń tú sínú odò Willamette, ó sì dárúkọ àwọn tó ń da á. Kò sọ pé "ìwà wa ni". Kò ní "Ọlọ́run yóò ṣe é". Ó tọ́ka. Nígbà tó di 1967, àwọn ènìyàn fi ọkùnrin yìí ṣe gómìnà, ó sì wà nípò títí di 1975. Lọ́dún tó wọlé gan-an ni wọ́n ṣe òfin pé etíkun Oregon láti òpin dé òpin, gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti rìn lórí iyanrìn rẹ̀. Kò sí òtẹ́ẹ̀lì tó lè fi wáyà gé e kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti san owó kẹ́ẹ tó rí òkun l'Ékòó, ẹ rọra mí sínú.

Koríko tí ìyá mi jókòó sí ńkọ́? Títì ni tẹ́lẹ̀. Harbor Drive ni wọ́n ń pè é, títì ńlá tí mọ́tò ń sá eré lórí rẹ̀, tó dí ìlú lọ́nà kí ó má fojú kan odò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tilẹ̀ fẹ́ mú un gbòòrò sí i. Ní 1969, àwọn ìdílé kan kó ọmọ wọn, wọ́n di oúnjẹ, wọ́n lọ tẹ́ ẹní sórí ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín títì méjì, wọ́n ń jẹun níbẹ̀ kí àwọn aláṣẹ lè rí wọn. Ohun ìjà wọn náà nìyẹn: oúnjẹ àti ọmọ. Ní 1974, wọ́n ti Harbor Drive pa, wọ́n hú u. Ní 1978, ó di ọgbà. Ní 1984, wọ́n fi orúkọ Tom McCall pè é.

Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyàwó mi, ó ní, "Bàbá Àǹjọ́ọ̀rín, ṣé wọn ò kó ọlọ́pàá bá wọn ni?" (Orúkọ ìnagijẹ tó fún mi nìyẹn, ẹ má bi mí ìdí rẹ̀.)

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń múra láti sọ pé owó ni. Pé wọ́n lówó. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ owó. Ìgbọ̀nsẹ̀ kò dáwọ́ dúró ní 1952 yẹn; bí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀, páìpù yóò kún, gbogbo rẹ̀ yóò sì ya lu odò. Wọ́n ní láti gbẹ́ páìpù ràgàjì sábẹ́ ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì odò, èyí tó wà ní ìlà-oòrùn fẹ̀ débi pé mọ́tò lè wọ inú rẹ̀. Láti 1991 títí di 2011 ni iṣẹ́ náà fi wáyé, ogún ọdún, ó sì ná wọn tó bílíọ̀nù kan àti irínwó mílíọ̀nù dọ́là. Ta ló san án? Ẹ má sọ pé ìjọba. Àbúrò mi gbé bíìlì omi rẹ̀ jáde fún mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Inú bíìlì ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń yọ owó náà, àwọn ará ìlú kígbe, wọ́n ráhùn, wọ́n bú àwọn aláṣẹ wọn lórí rédíò, wọ́n sì ń san án. Owó tí ènìyàn bá san, tó sì rí páìpù tí wọ́n fi rà, ó lè ráhùn lórí rẹ̀. Èyí tó san tí kò rí nǹkankan ni kì í fẹ́ san mọ́. Ẹ kò gbọ́ kí n tó sọ pé kò sówó ní tiwa. Owó wà. Páìpù ni a kò rí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló gba bílíọ̀nù. Ní 1971, Oregon ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó ṣe òfin pé ẹni tó bá ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí bíà yóò san owó díẹ̀ lé e lórí, tí yóò gbà padà bó bá dá ìgò tàbí agolo rẹ̀ padà. Sẹ́ǹtì márùn-ún ni nígbà yẹn, ó di mẹ́wàá ní 2017. Ọmọ mi ọkùnrin kò sùn mọ́ nígbà tó gbọ́. Ó ṣa agolo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣa ti aládùúgbò, ó kó ọgbọ̀n agolo lọ kó sẹ́nu ẹ̀rọ, ó gba dọ́là mẹ́ta. "Dádì, ṣé a ò lè ṣe èyí nílé?" Mo ní à á ṣe é rí. Òótọ́ ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ ò lè ra kóòkì tútù kí ẹ gbé ìgò lọ láìfi owó ìgò sílẹ̀. Ta ló kọ́ wa? Kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Ọ̀rá àti ike ló dé, tí a sì gbà kí ó dé láìbi oníléeṣẹ́ tó ń ṣe é pé ta ni yóò kó o.

Ohun kékeré míì wà tó dùn mọ́ mi. Láàárín títì kan nítòsí odò yẹn, ihò kan wà tí wọ́n gbẹ́ láti fi ri òpó iná, òpó náà kò dé. Akọ̀ròyìn kan, Dick Fagan, ń wò ó láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. Ní 1948, ó lọ gbin òdòdó sí i, ó sì ń kọ ìtàn nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, pé àwọn ẹbọra kéékèèké ló ń gbé ibẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Ní 1976, ìlú kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìlú, Mill Ends Park, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún gba orúkọ ọgbà tó kéré jù lágbàáyé. Mo dúró lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, mò ń ro iye ihò tó wà lójú títì wa, tí èmi kò tíì gbin ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ kan a wọ inú igbó. Inú ìlú náà ni igbó yìí wà o, Forest Park, ó lé ní éékà 5,000. Igi ibẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí gèlè Màmá fi ṣí nígbà tó gbójú sókè wò ó. Ìmọ̀ràn pé kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú ti wà nínú ìwé láti 1903; 1948 ni wọ́n tó ṣe é. Ọdún márùnlélógójì! Láàárín ìgbà náà, àwọn onílẹ̀ ti fẹ́ gé e ní pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì, wọ́n sì pàdánù. Ọmọbìnrin mi, tí kì í gbé ojú kúrò lára fóònù nílé, rìn wákàtí méjì láìsọ pé ó rẹ òun. Ilẹ̀ kì í tètè ṣú níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, oòrùn ṣì wà lókè, Màmá kò mọ ìgbà tí yóò kí Mọ̀gáríbì àyàfi tó bá wo aago. Ó ní Ọlọ́run ti fi ọjọ́ kún ọjọ́ fún wọn kí wọ́n lè rìn dáadáa.

Mo ti ń yìn wọ́n jù. Ó yẹ kí n sọ ìyókù, nítorí ìyókù yẹn gan-an ló fọ́ gbólóhùn "òyìnbó ni wọ́n" yángá.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo rí àgọ́ àwọn tí kò nílé lẹ́bàá títì, mo rí ènìyàn tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án gangan. Lẹ́ẹ̀kejì, odò náà kò tíì mọ́ tán. Láti ọdún 2000 ni ìjọba àpapọ̀ ti kọ nǹkan bí máìlì mẹ́wàá nínú rẹ̀ sílẹ̀ lára àwọn ibi tí májèlé bà jẹ́ jù, wọn kò sì tíì palẹ̀ rẹ̀ mọ́ tán. Màmá fẹ́ ra ẹja lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń da ìwọ̀. Àbúrò mi ló fi pátákó ìkìlọ̀ hàn án, tí wọ́n fi èdè oríṣiríṣi kọ, pé àwọn ẹja kan kò ṣeé jẹ. Màmá ní, "Ìyẹn náà dára. Wọ́n ṣáà sọ."

Lẹ́ẹ̀kẹta, èyí tó wọ̀ mí lára jù. Nígbà tí Oregon di ìpínlẹ̀ ní 1859, ó wà nínú òfin ìpilẹ̀ wọn pé ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ wá gbé ibẹ̀. Ọdún 1926 ni wọ́n tó yọ ọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n nílò òṣìṣẹ́ tí yóò kan ọkọ̀ ojú omi, àwọn dúdú wá, wọ́n sì kọ́ ìlú kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 1942, wọ́n pè é ní Vanport. Ilẹ̀ àkùrọ̀ ni, láàárín ebè ńlá tó ń dá omi odò Columbia dúró. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, ọdún 1948, odò kún. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn aláṣẹ pín ìwé láti ilé dé ilé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù, àwọn yóò sọ fún wọn bí ewu bá ń bọ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ebè já. Vanport lọ pátápátá. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kú, àwọn bíi 18,500 di aláìnílé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn sì jẹ́ ènìyàn dúdú.

Lónìí, pápá ìṣeré àti ibi tí mọ́tò ti ń sáré ìje ló wà níbẹ̀. Àbúrò mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń ṣe àlàyé, èmi ń túmọ̀ ibi tí èdè Òyìnbó rẹ̀ bá ti pọ̀ jù fún Màmá. Nígbà tó parí, Màmá bi í pé, "Ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́ Àìkú ni, Àlàájà."

Màmá ní, "Ọjọ́ Àìkú ni tiwa náà."

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn ti mọ ohun tó ń wí. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980. Odò Ògùnpa. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni mí. Màmá sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ mi nínú ọkọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi náà yóò gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní omi ni ó kan ilẹ̀kùn bí àlejò. Ó ní ìró ìlékè rẹ̀ kan ló fi gbà mí mọ́ ẹ̀yìn, kò rí òmíràn mú, ó sì gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ìdojúkọ wa, níbi tí àwọn ènìyàn ti dì bí ẹja inú agolo. Láti òkè ibẹ̀ ló ti rí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó ń lọ lórí omi. Ọmọ méjì lọ́dọ̀ aládùúgbò wa kò padà wálé. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú nínú ìlú lọ́jọ́ náà. Ó fọwọ́ tọ́ pápá tó wà lójú fèrèsé, ó ní, "Kò sẹ́ni tó pín ìwé fún àwa ní tiwa. Ṣùgbọ́n àwọn tó pín fún, irọ́ ni wọ́n kọ sí i."

Àwọn dúdú tó yọ nínú omi Vanport, púpọ̀ wọn kó lọ sí àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Albina. Wọ́n tún wó ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ láti fi kọ́ gbọ̀ngàn eré ìdárayá tí wọ́n ṣí ní 1960, àti láti fi la títì ńlá kọjá. Ṣé ẹ rí i? Nígbà tí títì dí odò mọ́ àwọn ìdílé tó gbé oúnjẹ lọ sáàárín ọ̀nà ní 1969, wọ́n hú títì. Nígbà tí títì gba orí ilé àwọn dúdú kọjá, títì dúró. Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé àwọ̀ ló ń mú ìlú tutù. Ariwo ni, àti ẹni tí wọ́n bá gbà láti gbọ́ ariwo rẹ̀.

Ǹjẹ́ kí a padà wálé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn Ògùnpa, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, omi tún ya lu Ìbàdàn, ó tún pa ju 100 ènìyàn lọ. Òun náà kò jẹ́ tuntun. Èmi kò ní sọ pé àwa ará ìlú kò jẹ̀bi. Mo ti rí ìyá tó fi ọmọ ọdún méje rán báàgì ìdọ̀tí pé kó lọ jù ú sódò nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí àgbàrá lè gbé e lọ. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá yẹn pé ọjọ́ wo ni ọkọ̀ akólẹ̀ dé àdúgbò rẹ̀ kẹ́yìn. Bíbú ìyá yẹn rọrùn. Ilé alájà mẹ́ta tó jókòó lé etí odò ńkọ́? Ìyá yẹn ló fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ni?

Ẹ mọ ẹni tó fẹ́ràn "òyìnbó ni wọ́n" jù? Òun nìyẹn. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé. Ní gbogbo ìgbà tí a bá ti sọ pé ìwà wa ni, pé ara wa kò gba ohun dáradára, òun ń lọ sùn lálàáfíà. Kò sí ẹni tí yóò dárúkọ rẹ̀, nítorí a ti dárúkọ gbogbo ènìyàn dúdú pọ̀.

Irọ́ sì ni pẹ̀lú. Ó wà nínú ìrántí àwọn àgbà wa pé òkè odò ni wọ́n ti ń pọnmi mu, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ, ẹni tó bá rú òfin náà yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn àgbà ìdí tó fi ṣe é. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ṣì wà níbẹ̀, igi ńlá létí odò lẹ́bàá ìlú, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Mo gbọ́ yín, ẹ fẹ́ sọ pé Susanne Wenger ni, òyìnbó ni òun náà. Àdùnní Olórìṣà ṣe iṣẹ́ ńlá, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí rere. Ṣùgbọ́n 1950 ló dé orílẹ̀-èdè yìí. Ta ló ń ṣọ́ igbó náà kó tó dé? Òfin ló bá níbẹ̀, kò gbé e wá láti Austria. Ohun tó ń dà odò Ọ̀ṣun láàmú báyìí, tó sọ omi rẹ̀ di pupa bí epo, àwọn tó ń wa góòlù lókè ló ń ṣe é, àwọn náà sì ní orúkọ, wọ́n ní ìwé àṣẹ tàbí wọn kò ní.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìgbà tí a máa padà, a lọ síbi iyanrìn kan lábẹ́ afárá, Poet's Beach, tí ìlú ṣí ní 2017 kí ènìyàn lè wẹ̀ nínú odò. Inú odò kan náà tí ìgbọ̀nsẹ̀ ń ya lù. Ọmọ mi ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kí n tó sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ Màmá, kì í súnmọ́ odò; bí a bá gba orí afárá Ògùnpa kọjá, ó máa ń di ojú. Lọ́jọ́ yẹn, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó di ọwọ́ ọmọ mi mú, ó ki ẹsẹ̀ kan bọ omi, ó tún ki èkejì. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Èmi ni mo ya àwòrán náà, òun sì ni wọ́n ń wò ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tẹ̀ lé èyí tó wà lórí bẹ́ǹṣì, kí bọ́ọ̀lù tó gbà wọ́n lọ́kàn.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi o. Ilé kan ń dìde lọ́wọ́lọ́wọ́ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò jìn sí omi ju kí ènìyàn nasẹ̀ lọ. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó yẹ, mo ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí hàn mí. Ní ìgbà àkọ́kọ́ wọ́n ní ọ̀gá kò sí níjòókòó. Ní ìgbà kejì wọ́n ní fáìlì kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ẹ̀yin gan-an, ilé yín ni?" Mo ní rárá. Ó ní kí ló wá kàn mí. Mo ní odò náà kàn mí.

Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Àlàájà ní òun náà ń bá mi lọ, òun yóò sì gbé oúnjẹ dání.